Ogún Tí A Kò Pín

Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè nígbà púpọ̀ ìdí tí mo fi máa ń wo aago bí ó bá ti kù díẹ̀ kí agogo méje lù, tí n ó sì dìde láàárín ìpàdé láti lọ wá omi mu. Àwọn mìíràn ti ṣàkíyèsí pé n kì í bá wọn gbá bọ́ọ̀lù mọ́. N kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn tààrà títí di òní, nítorí pé ìdáhùn náà gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ lórí ìdúró lọ, ó sì kan àwọn ẹlòmíràn nínú ilé wa. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn báyìí, nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́.

Kíndìnrín mẹ́ta ni ó wà nínú mi. Méjì tí mo gbé ti ọ̀run wá ti kú, wọ́n sì wà níbi tí Ọlọ́run fi wọ́n sí ní ẹ̀yìn mi. Ẹ̀kẹta wà ní ìsàlẹ̀ ikùn mi ní apá ọ̀tún, lábẹ́ àpá kan tí ó tẹ̀ bí dòjé. Òun nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, ọbàkan mi, ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò bá ara wa jẹun nínú àwo kan fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín, ó yẹ kí ẹ mọ ilé wa. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ òfì ni bàbá mi ń hun, ìyàwó méjì ni ó sì ní. Ìyáálé ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, bí ọmọ márùn-ún fún un. Ìyá mi bí méjì, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Nígbà tí bàbá wa wà láyé, kò sí ẹni tí yóò wọ inú ilé náà tí yóò mọ ọmọ tí ó jẹ́ ti yàrá kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ṣùgbọ́n bàbá wa kú láì sọ bí a ó ti pín ohun ìní rẹ̀. Ilé kan ni ó fi sílẹ̀, àti ilẹ̀ kan ní ẹ̀bá ọ̀nà, àti òfì mẹ́fà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni a fi ń pín ogún ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, iye ìyàwó ni a ó wò. Bí a bá sì pín in ní orí-ò-jorí, iye ọmọ ni. Ìyá mi dúró lórí ìdí-igi, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwa méjì yóò fi gba ìdajì. Àwọn ọmọ Ìyá Àgbà ní orí-ò-jorí ni ó tọ́, kí a pín in sí ọ̀nà méje. Mọ̀lẹ́bí jókòó lé e lórí títí, wọ́n sì fi ti ìdí-igi ṣe. Ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà bọ́ sọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń ju ọ̀kọ̀ òfì nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀, wo ìyá mi lójú, ó ní, “Ẹ ti rẹ́ wa jẹ.” Ìyá mi pẹ̀lú búra ní ọjọ́ náà pé oúnjẹ ọwọ́ Ìyá Àgbà kò ní kan ẹnu àwọn ọmọ òun mọ́. Bí a ti wà nínú ilé kan nìyẹn, tí iná ń jó nínú ààrò méjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì ń ya eérú lọ́dọ̀ ẹnìkejì.

Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jí ní òwúrọ̀, ojú mi a wú. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, bàtà mi a fún mi lẹ́sẹ̀. Ìtọ̀ mi ń hó bí ọṣẹ. Oúnjẹ ń rùn sí mi, oorun sì ń kùn mí nínú yàrá ẹ̀kọ́. Gbogbo ènìyàn ní ìwé ni. Ìyá mi fi tẹlifóònù bẹ̀ mí pé kí n rọra kàwé, pé ìwé ni yóò sọ mí di olówó, kí n má jẹ́ kí ó pa mí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, iwe ni wọ́n pe ẹ̀yà ara tí ń sẹ́ ìtọ̀ yìí, ní ohùn àárín méjèèjì. Lóde òní kíndìnrín ni ó gba ẹnu ènìyàn, iwe sì kù fún ti adìyẹ tí a ń dù mọ́ ara wa lọ́wọ́ nídìí ọbẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ èdè, tí mo ń fi àmì ohùn yọ àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu, àmì ohùn méjì péré ni mo fi ṣìnà. Ìwé ni mo rò pé ó ń pa mí, iwe ni.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ mi ti ru débi pé nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta kí ó tó gbà á gbọ́. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bí ọgọ́sàn-án lítà omi ni kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, bí obìnrin ti ń sẹ́ ògì, tí wọ́n sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà sára, àfi bí lítà kan tàbí méjì tí a ń tọ̀ dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ba asẹ́ yìí jẹ́, asẹ́ tí ó bàjẹ́ a sì tún máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Ibi tí ó burú sí ni pé kì í ké. Kò dùn mí nígbà tí ó ń kú lọ. Ìgbà tí ó fi máa hàn, méjèèjì ti sún kì, kò sì sí oògùn tí ó lè jí wọn mọ́.

Wọ́n gbé mi lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ méjì ni, ọ̀kan ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, ọ̀kan ń dá a padà, ènìyàn a sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe é. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹni tí ó bá lè san ti ẹ̀ẹ̀mejì ti gbìyànjú, àwọn mìíràn a sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan, wọn a lọ wá owó, wọn kò sì ní padà wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi ń ṣe. Nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo ènìyàn ń bó, ife omi kékeré méjì ni mo ní ẹ̀tọ́ sí láti òwúrọ̀ di alẹ́. Mo ti lá àlá odò rí, mo sì jí pẹ̀lú omijé. Ìyá mi ta ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Oṣù márùn-ún ni ilẹ̀ tí ó fọ́ ilé wa sí méjì fi gba inú ẹ̀rọ náà kọjá, kò sì ṣẹ́ ku nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo ni dókítà ní ó lè yọ mí kúrò lórí ẹ̀rọ: kí ẹnìkan fún mi ní ọ̀kan nínú kíndìnrín tirẹ̀. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹyọ kan gbé ayé dé ogbó. Mo lọ ka ìtàn rẹ̀, nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí n ó fi ìbẹ̀rù mi ṣe. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n sì fi í sára Richard, ìkejì rẹ̀. Ìbejì tí wọ́n jọra bí ẹni pé a là wọ́n sí méjì ni wọ́n. Richard fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ó sì lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Ronald tí ó fi ọ̀kan sílẹ̀ wà láàyè títí di ọdún 2010. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ìbejì, ìtàn yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa.

Ìdí tí ó fi jẹ́ ìbejì ni pé ara ènìyàn dà bí agbo ilé tí ó ní ajá. Bí àlejò bá wọlé, ajá a gbó, a sì bù ú jẹ títí tí yóò fi kú. Ara Richard kò rí Ronald bí àlejò rárá. Fún àwa yòókù, a ní láti wá oògùn tí yóò máa pa ajá náà lẹ́nu mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí ó la ọ̀nà náà, ciclosporin, ara ohun kan tí ó jọ èbu, tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway, ni ó ti jáde, ó sì di ohun tí a ń lò káàkiri láti bí ọdún 1983. Ṣùgbọ́n ajá tí a pa lẹ́nu mọ́ kò ní gbó olè pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí n kì í fi í wọ àárín èrò bí òtútù àti ikọ́ bá gbòde. Ní Nàìjíríà, ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó, àwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn sì ti ń ṣe é láti ìgbà náà.

A máa ń pè é ní pípààrọ̀ kíndìnrín. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ó pààrọ̀ nǹkan mú ọ̀kan, ó sì fi ọ̀kan sílẹ̀. Wọn kò yọ tèmi, ẹni tí ó fún mi ní tirẹ̀ kò sì gba nǹkan kan dípò. Bí àwọn àgbẹ̀ tábà ìlú wa ti máa ń tu ọmọ igi láti orí ebè kan lọ gbìn sí òmíràn ni ó rí, àfi pé ebè àkọ́kọ́ kò bá ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè.

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ na apá fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ru. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Àbúrò mi na tirẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní B ni tirẹ̀, O sì ni tèmi. Ẹlẹ́jẹ̀ O lè fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ O nìkan ni òun fúnra rẹ̀ lè gbà. Bí àwọn tí a jọ jáde láti inú kan náà ti tán nìyẹn. Dókítà náà fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá mo ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò mìíràn lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin. Mo ní rárá. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi di òní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan mú mi sọ bóyá iyèkan ni tàbí ọbàkan, èmi tìkára mi ni mo dáhùn bí ẹni pé ọbàkan kì í ṣe ènìyàn.

Ìyá mi wà níbẹ̀. Ó gbọ́ “no” tí mo wí, ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò fọhùn títí a fi dé ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rékọjá àgbàlá lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi ni ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ìyá Àgbà ní, “Ìwọ ni o búra pé oúnjẹ mi kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ rẹ. Ṣé kíndìnrín ọmọ mi ni yóò wá wọ inú rẹ̀?” Ìyá mi kò dáhùn, kò sì dìde. Ó pẹ́ kí Ìyá Àgbà tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, “Dìde. N kò ní rán an, n kò sì ní dá a dúró.”

Ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ àtíbàbà nídìí òfì rẹ̀, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ yàrá mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Kò jókòó.

Ó ní, “Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni wọ́n ní o ní?”

Mo ní, “O ni, Bọ̀ọ̀dá.”

“O ni tèmi náà. Ìgbà tí wọ́n ní kí n fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ bímọ ni mo mọ̀.”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ṣe é nítorí pé ìyá mi kúnlẹ̀.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Nígbà tí a ń pín ogún Bàbá, a gbàgbé èyí. Méjì ni Bàbá fún mi. A kò pín in ní ìdí-igi, a kò pín in ní orí-ò-jorí.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ má ṣe rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí bí ìtàn àlọ́. Ẹ̀rù ń ba Ìyá Àgbà, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Kí ó tó bí ẹ̀gbọ́n mi, ó ti bí ọmọ kan tí ó kú ní ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n sì gé e ní etí díẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Nígbà tí ó bí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kò sí ẹni tí kò rí ihò kékeré ní etí rẹ̀ ọ̀tún. Mo ti rí etí náà. Ohun tí Ìyá Àgbà ń bi wá ni pé, bí àpá etí bá lè tẹ̀lé ènìyàn padà wá sáyé, kí ni kíndìnrín tí a gé kúrò yóò ṣe? Ṣé ẹyọ kan ni ọmọ òun yóò tún fi wá? Kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn. Ẹni tí ó ti sin ọmọ, a kì í fi ìwé bá a jiyàn.

Ní ilé ìwòsàn, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yẹ ẹ̀gbọ́n mi wò. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọkàn rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀. Wọ́n po omi ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá tèmi yóò pa tirẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ kì í ṣe eré, pé ènìyàn lè kú nídìí rẹ̀ bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àti pé títí ayé ni yóò máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú un wọ yàrá kan ní òun nìkan, wọ́n bi í bóyá ẹnìkan ṣèlérí owó fún un, tàbí bóyá àwọn ará ilé ń fi agbára mú un. Dókítà ní bí kò bá fẹ́ mọ́, kí ó sọ, àwọn yóò kàn sọ fún wa pé ara rẹ̀ kò bá tèmi mu, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ìdí rẹ̀ láéláé.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ó tó sọ èyí fún mi. Ó ní òun kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Ó ní òun ro àwọn ọmọ òun mẹ́ta, òun ro ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, òun sì dìde lẹ́ẹ̀mejì láti lọ sọ fún dókítà pé òun kò ṣe mọ́. Mo bi í pé kí ni ó dá a dúró. Ó ní òun kò mọ̀, pé ilẹ̀ kàn mọ́, òun sì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yìí ju èyíkéyìí tí ó lè dùn létí lọ. Ọ̀rẹ tí ènìyàn ta nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un láti sá, tí ó sì rí ilẹ̀kùn náà dáadáa, òun ni ọ̀rẹ.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a ó lọ, Ìyá Àgbà wá sí àárín àgbàlá níbi tí gbogbo wa wà. Ó di ẹ̀gbọ́n mi létí mú, etí ọ̀tún yẹn, bí ẹni tí ń bá ọmọdé wí. Ó ní, “Bí o bá fi ẹyọ kan padà wá, a ó mọ̀ pé ìwọ ni.” Ohun tí ó sọ nìyẹn, ó sì padà wọlé.

Yàrá méjì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn pé wọn kò tíì rán ikùn mi tán tí kíndìnrín náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Nígbà tí mo jí, mo rí ìtọ̀ nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó mọ́, ó sì pọ̀, nọ́ọ̀sì sì ń wọ̀n ọ́n bí ẹni tí ń wọn òróró. Wọ́n gbé ife omi fún mi. Wọ́n ní kí n mu ún tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi láì kà á, kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé ife omi yẹn fún yín.

Nínú àwa méjèèjì, èmi aláìsàn ni ara mi kọ́kọ́ yá. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni ó ń kérora bí ó bá fẹ́ dìde. Oṣù mẹ́ta ni kò lè jókòó sídìí òfì, nítorí pé gbogbo ara ni ahunṣọ ń lò, ẹsẹ̀ àti ikùn àti ẹ̀yìn. Aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n gbé fún un bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí náà wà lára ohun tí ó fún mi, kò sì sí dókítà tí ó wọ̀n ọ́n. Ìyá mi àti Ìyá Àgbà jọ gba yàrá kan nítòsí ilé ìwòsàn, sítóòfù kan ni wọ́n sì ní. Oúnjẹ tí mo kọ́kọ́ jẹ, ògì ni. Mo mọ ọwọ́ tí ó ro ó. Ìyá mi ni ó bù ú sí mi lẹ́nu, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ ìbúra.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti í dúpẹ́ irú èyí? Mo kí i ní àná, mo tún kí i lónìí, títí tí ó fi ní kí n yé kí òun. Mo sọ fún un pé kí ó gba ìpín tèmi nínú ilé bàbá wa. Inú bí i gidigidi. Ó ní bí òun bá fẹ́ tà á, òun ìbá ti dárúkọ owó. Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò gbà kí a ta ẹ̀yà ara ènìyàn. Owó ìrìn àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ nìkan ni a lè san padà fún ẹni tí ó fi tọrẹ. Ẹ̀yin náà gbọ́ ẹjọ́ tí ó wáyé ní London ní ọdún 2023, nígbà tí ilé ẹjọ́ dá àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lẹ́bi nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n mú láti Èkó lọ síbẹ̀ nítorí kíndìnrín rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ọjà, tálákà ni yóò máa wà lórí igbá, olówó ni yóò sì máa rà á.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ronú kan ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n. Ọkùnrin aránṣọ kan wà tí àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nídìí ẹ̀rọ. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, òun nìkan ni bàbá rẹ̀ sì bí. A máa fi èmi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n yá òun ní mọ̀lẹ́bí díẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan, mo bá ẹlòmíràn lórí àga náà. Mo béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì kọ ojú sí ibòmíràn.

Ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ alààyè nìkan ni a ti ń rí kíndìnrín ní ilẹ̀ wa. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, a máa ń gbà á lára ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, bí òun tàbí àwọn ará ilé rẹ̀ bá fẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo lè fi kíndìnrín méjì, ẹ̀dọ̀, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ojú rẹ̀ gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ là. Ní England, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni òfin ti ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àgbàlagbà sí ẹni tí ó gbà, àfi ẹni tí ó bá sọ pé òun kò fẹ́; síbẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa pẹ̀lú, ń pẹ́ kí wọ́n tó rí èyí tí ó bá ara wọn mu, nítorí pé àwa tí a jọra ní ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Òfin tiwa ti ọdún 2014 náà gbà kí ènìyàn kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì pé bí òun bá kú, kí a lo ara òun. Ìwé náà kò ṣòro kọ. Ohun tí ó ṣòro ni kí a sọ ọ́ nílé.

Mo mọ ohun tí ẹ ó wí. Ẹ ó ní a kì í gé òkú sin, pé òkú olówó ni, òkú ọlọ́mọ ni, kí ó lọ pé pérépéré. N kò fi àṣà yìí ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó ní òkú kò mọ iye tí a ra agọ̀. A ń ra aṣọ olówó ńlá bo òkú, a sì ń gbé ohun tí ó lè gba aránṣọ yẹn là wọ ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí Ìyá Àgbà, tí kò ka ìwé kankan, bá lè wo ohun tí ó bà á lẹ́rù jù lọ lójú, tí ó sì sọ ọ́ di àmì tí a ó fi mọ ọmọ rẹ̀, kí ni ó ń dá àwa dúró?

Ní oṣù tí ó kọjá, nígbà tí mo lọ sílé, mo kọ ìwé tèmi. Bóyá ojú mi nìkan ni yóò wúlò fún wọn, àwọn dókítà ni yóò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní. Ìyá Àgbà ni ẹlẹ́rìí kejì. Kí ó tó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbẹ̀, ó béèrè pé, “Èyí tí ọmọ mi fún ọ wá ńkọ́?” Mo ní bí ó bá ṣì dára nígbà náà, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ro ó díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ kọ tiyín lónìí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ dé ilé ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbi oúnjẹ, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn ìyá yín yóò wí. Bí ọbàkan bá sì wà tí ẹ kò kí mọ́ nítorí ogún, ẹ kí i. Agogo méje ti fẹ́rẹ̀ lù. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá omi fi mu oògùn mi.